Béèrè Lọ́wọ́ Rìwáyà: Nọ́ńbà márùn-ún tí wọn kì í kọ sẹ́yìn páànẹ́lì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023 ni lẹ́tà sólà ti kún àpótí wa, àwọn tó ń béèrè nípa fíríìjì àti ẹ̀rọ ìlọta ò tiẹ̀ ríbi jókòó mọ́. Lóṣù yìí mo ṣa márùn-ún jọ, torí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń yí ká, ìyẹn nọ́ńbà márùn-ún (páràmítà) tó ń sọ bí iná ṣe ń rìn nínú sẹ́ẹ̀lì sólà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó kọ ọ́ ò mọra wọn rí. Mo gé àwọn kan kúrú, ẹ má bínú sí mi.

ÌBÉÈRÈ
Ẹ̀gbọ́n Rìwáyà, ẹ kú iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ni mí, prójẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún mi ni pé kí n wá àwọn páràmítà iná inú sẹ́ẹ̀lì sólà. Mo ti kàwé títí ojú ń ta mí. Gbogbo wọn ń sọ Iph, I0, n, Rs, Rsh, wọ́n á wá ju ìṣirò gbọọrọ kan sílẹ̀ bíi pé ilé ni wọ́n ti bí i mọ́ wa. Ṣé ẹ lè sọ ọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀?
Ọmọ Físíìsì, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN
Àbúrò mi, jẹ́ ká wọ dánfó.

Èrò inú ọkọ̀ ni kọ́rẹ́ǹtì. Owó ọkọ̀ tí kọ̀ńdọ́tọ̀ bá pè ni fóltéèjì. Owó tó bá kó délé lálẹ́, ìyẹn iye èrò lọ́nà iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan san, òun ni wáàtì. Oòrùn ló ń kó èrò wọ ọkọ̀, bó bá ṣe ràn tó ni èrò ṣe ń pọ̀ tó, iye èrò tí oòrùn kó wọlé yẹn ni Iph. Tí kọ̀ńdọ́tọ̀ bá ní kí wọ́n máa gun ọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ọkọ̀ á kún dẹ́nu àmọ́ kò ní rí kọ́bọ̀, ibẹ̀ là ń pè ní Isc, kọ́rẹ́ǹtì ìgbà tí a bá so wáyà méjèèjì pọ̀. Tó bá wá pe owó tó ga débi pé kò ku ẹyọ ẹnì kan nínú ọkọ̀, ibẹ̀ ni Voc, fóltéèjì ìgbà tí a kò so nǹkan kan mọ́ ọn, owó ńlá lẹ́nu lásán, òfo lápò. Ibi tó ti máa pa owó jù lọ wà láàárín méjèèjì, òun sì ni iye wáàtì tí wọ́n ń kọ sẹ́yìn páànẹ́lì.

Báwo wá ni àwọn èrò yìí ṣe ń sọ̀kalẹ̀? O máa kíyè sí i pé bí owó ṣe ń gòkè díẹ̀díẹ̀ kò sẹ́ni tó mira, àfi ìgbà tó bá dé ibì kan báyìí ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ọ́lẹ̀, ẹni méjì, ẹni mẹ́rin, ẹni mẹ́jọ, gìrọ́gìrọ́. Iṣẹ́ dáyóòdù nìyẹn, ohun tó ń jẹ́ kí kọ́rẹ́ǹtì gba apá kan ṣoṣo, torí sẹ́ẹ̀lì sólà kò ju dáyóòdù ńlá tí wọ́n tẹ́ sí oòrùn lọ, William Shockley ti Bell Labs ló sì gbé ìṣirò dáyóòdù yìí jáde ní 1949. I0 àti n ló ń sọ irú èrò tó wà nínú ọkọ̀ náà, bóyá wọ́n tètè máa ń bínú ni àbí wọ́n ní sùúrù, n yìí sì sábà máa ń wà láàárín 1 sí 2. Yàtọ̀ sí àwọn yẹn, a rí àwọn kan tó ń yọ́ bọ́ọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún gbogbo náírà mẹ́wàá tí wọ́n bá fi kún owó, èyí ni jíjò, Rsh ló ń wọ̀n ọ́n, bí Rsh bá ṣe tóbi tó ni jíjò ṣe kéré tó. Paríparí rẹ̀, àwọn ọmọ gáréèjì wà lójú ọ̀nà. Bí èrò bá ṣe pọ̀ tó ni wọ́n ṣe ń gé lára owó ọkọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan tó. Rs nìyẹn, a sì fẹ́ kó kéré gan-an ni.

Tí a bá wá kó gbogbo rẹ̀ sórí ìlà kan:

I = Iph − I0·[exp((V + I·Rs)/(n·Vt)) − 1] − (V + I·Rs)/Rsh

V ni fóltéèjì, I ni kọ́rẹ́ǹtì, exp ló ń mú kí wọ́n máa bọ́ọ́lẹ̀ gìrọ́gìrọ́ bí mo ṣe sọ lókè. Vt ni fóltéèjì ooru, ó ń bá ooru rìn, bíi 0.0257 fóòtì (volt) ni ní 25°C. Ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú níbẹ̀ ni pé I wà lápá òsì, I kan náà tún fara pamọ́ sínú ikùn exp lápá ọ̀tún, o ò lè fà á yọ bí ẹni fa iṣu. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo ọ̀nà Newton tàbí fọ́ńṣọ̀n Lambert W, àwọn ọ̀nà ìṣirò tí wọ́n fi ń wá irú I bẹ́ẹ̀. Má jẹ́ kíyẹn dẹ́rù bà ọ́, torí pé kí kọ̀ǹpútà tó dá sí i, rúlà àti bírò nìkan lè gbé ẹ dé ẹnu ọ̀nà. Jẹ́ kí n fi hàn ọ́.

Sẹ́ẹ̀lì kan wà láti Faransé, RTC ni wọ́n ń pè é, rìbìtì ni, 57 mílímítà ni fífẹ̀ rẹ̀. Wọ́n wọ̀n ọ́n nínú oòrùn kíkún tó jẹ́ 1000 wáàtì lórí mítà onígun mẹ́rin kan, ní 33°C, wọ́n kọ ibi 26 sílẹ̀, ó jáde nínú ìwé ní 1986, láti ìgbà náà kò sí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ yìí tí kò lò ó. Wo ibi tó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ìlà náà. Ní 0.0057 fóòtì kọ́rẹ́ǹtì jẹ́ 0.7605 áńpù, ní 0.2132 fóòtì ó di 0.7570. Fóltéèjì fi 0.2075 gòkè, kọ́rẹ́ǹtì fi 0.0035 wálẹ̀, pín ti àkọ́kọ́ sí èkejì, 59 óòmù ló máa fún ẹ. Rsh nìyẹn, o ti rí ọ̀kan.

Lọ sí òdìkejì, níbi tí gbogbo èrò ti ń bọ́ọ́lẹ̀. Ní 0.5633 fóòtì kọ́rẹ́ǹtì ku 0.1035, ní 0.5736 ó ti di −0.0100. Pín 0.0103 sí 0.1135, ó jẹ́ 0.091 óòmù. Ibí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń já sí kòtò, wọ́n á ní Rs nìyẹn. Rárá o, ìpín dáyóòdù fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìyẹn n·Vt tí a pín sí Iph. Ní 33°C Vt jẹ́ 0.0264, tí a bá fi ojú bù ú pé n jẹ́ 1.5, ìpín dáyóòdù jẹ́ 0.052. Yọ ọ́ kúrò, ó ku 0.039. Rs nìyẹn. Iph kò ní wàhálà, 0.7605 tí o rí lẹ́bàá fóltéèjì òdo náà ni. Ó wá ku I0: ní Voc, tó jẹ́ bíi 0.573 fóòtì, kò sí kọ́rẹ́ǹtì tó ń jáde síta, torí náà ohun tí oòrùn kó wọlé ni dáyóòdù àti jíjò jọ gbé jẹ tán, tí o bá ṣe é síwá sẹ́yìn o máa rí bíi 0.39 máíkírò-áńpù.

Ṣé o mọ ohun tí àwọn tó fi kọ̀ǹpútà ṣe é dójú àmì rí? Iph 0.7608, I0 0.323 máíkírò-áńpù, n 1.481, Rs 0.0364, Rsh 53.7. Wo tiwa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bírò àti rúlà ló ṣe é o! I0 nìkan ló jìnnà díẹ̀, mo máa sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tó kọ lẹ́tà kẹta, ìwọ náà ka ibẹ̀.

ÌBÉÈRÈ
Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá wa. Obìnrin ni mí, iṣẹ́ sólà ni mò ń ṣe ní Ṣakí. Mo ra páànẹ́lì tòkunbọ̀ mẹ́rin, 200 wáàtì 200 wáàtì. Ẹ̀yìn wọn kọ fóltéèjì tó fẹ́ẹ̀ tó 33, mo gbé míta lé wọn lọ́sàn-án gangan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò ju 28 àti díẹ̀ lọ, mo ti bá ẹni tó tà á fún mi jà débi pé a ò kíra mọ́. Èyí tó tún wá ya mí lẹ́nu ni pé tí mo bá so wọ́n níkọ̀ọ̀kan mọ́ kọntróólà MPPT, èyí tó ń wá ibi tí wáàtì ti pọ̀ jù fúnra rẹ̀, mẹ́ta ń gbé 150 wáàtì ó lé, ìkẹrin kì í kọjá 120, bẹ́ẹ̀ sì rèé fóltéèjì rẹ̀ àti kọ́rẹ́ǹtì rẹ̀ lórí míta bá ti àwọn yòókù dọ́gba géérégé. Ṣé àwọn aráyé ni?
Ìyá Sólà, Ṣakí

ÌDÁHÙN
Ìyá Sólà, ẹ kọ́kọ́ lọ bẹ ọkùnrin yẹn ná, torí ọ̀rọ̀ fóltéèjì yẹn kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn páànẹ́lì, 25°C ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, kì í sì ṣe ooru afẹ́fẹ́ o, ooru ara sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni. Lọ́sàn-án gangan ní ìhà Òkè Ògùn, sẹ́ẹ̀lì lè gbóná dé 60°C. Ẹ jẹ́ kí n mú KC200GT ti Kyocera ṣe àpẹẹrẹ, torí pé 200 wáàtì lòun náà, nọ́ńbà rẹ̀ sì wà nínú ìwé káàkiri: 32.9 fóòtì, 8.21 áńpù, sẹ́ẹ̀lì 54, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí ooru bá fi dígírì kan lé, fóltéèjì á fi 0.123 dín. Láti 25 sí 60 jẹ́ dígírì 35. 35 lọ́nà 0.123 jẹ́ 4.3. Ẹ yọ 4.3 kúrò nínú 32.9, ó ku 28.6. Ẹ rí i? Ohun tó yẹ kí míta yín sọ náà ló sọ.

Ti ìkẹrin yẹn ló dùn mọ́ mi nínú, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí. Ní ọjọ́ kan báyìí mo lọ ra páànẹ́lì kan lọ́jà kan ní Èkó tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ọmọkùnrin náà gbé míta lé e níṣojú mi, fóltéèjì pé, ó so wáyà méjèèjì pọ̀ mọ́ míta, kọ́rẹ́ǹtì pé, ó ní "bọ̀ọ̀dá, míta kì í purọ́". Mo sanwó. Mo gbé e délé, nǹkan ò lọ bó ṣe yẹ. Mo lò ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó gbà pé kì í ṣe bátìrì ló burú.

Míta ò purọ́ lóòótọ́, ibi tí ọmọ yẹn gbé e lé ni Rs kì í ti yọjú. Ẹ rántí dánfó tí mo sọ fún ọmọ físíìsì yẹn. Ní Voc kò sí èrò kankan nínú ọkọ̀, kí làwọn ọmọ gáréèjì fẹ́ gbà? Òdo lọ́nà ohunkóhun, òdo náà ni. Ní Isc ẹ̀wẹ̀, owó ọkọ̀ ti jẹ́ òdo tẹ́lẹ̀, ohun yòówù tí wọ́n bá gé kò lè mú kí èrò dín, torí apá ibẹ̀ lórí ìlà náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Àárín níbi tí èrò ti pọ̀ tí owó sì ga, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń jẹun. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sọ ọ́: ká ní ìdajì óòmù péré fi wọ inú wáyà KC200GT. Ní ibi tó ti ń pa owó jù, kọ́rẹ́ǹtì rẹ̀ jẹ́ 7.61 áńpù. 7.61 lọ́nà 7.61 lọ́nà 0.5, ó jẹ́ 29 wáàtì tó ń jó dànù bí ooru. Ẹ wá wo 150 yín àti 120 yín.

Bí ẹ ṣe máa mú un nìyí. Ẹ lọ ra síprínǹgì sítóòfù oníná, èyí tó jẹ́ 2000 wáàtì, kì í ṣe ti 1000 o, ti 1000 kò ní lè gba kọ́rẹ́ǹtì páànẹ́lì tí ẹ bá fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ tó kù. Iná 230 fóòtì ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀, nítorí náà odindi rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 26 óòmù. Ẹ tẹ́ ẹ sórí bíríkì. Ẹ gbé páànẹ́lì sójú oòrùn, ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa kó má máa yí padà mọ́, ẹ ka fóltéèjì láìso nǹkan kan mọ́ ọn, lẹ́yìn náà ẹ so odindi síprínǹgì náà mọ́ ọn, ẹ tún kà á. Páànẹ́lì tí ara rẹ̀ dá, irú KC200GT yẹn, fóltéèjì rẹ̀ á já ní bíi ìdajì fóòtì. Èyí tó ní ìdajì óòmù àfikún á já ní bíi odindi fóòtì kan. Ẹ ṣe é fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ síra wọn kí kùrukùru má bàa da nǹkan rú, èyí tó bá já jù àwọn yòókù lọ ni kí ẹ tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

Tí ẹ bá sì fẹ́ rí odindi ìlà náà, ẹ máa fi klíìpù dín gígùn síprínǹgì náà kù díẹ̀díẹ̀. Ní bíi ìdá kan nínú mẹ́jọ rẹ̀ ẹ ti wà ní bíi 3.3 óòmù, tó súnmọ́ ibi owó ńlá. Yóò pọ́n bí ẹyin iná níbẹ̀ o, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ kà á kíá kí ẹ sì bo páànẹ́lì náà kí ẹ tó yọ wáyà, torí iná sólà kì í ṣe iná NEPA, tí ẹ bá já a nígbà tí kọ́rẹ́ǹtì ń sáré nínú rẹ̀ ó máa ń tan iná funfun tó lè jó ìka àti ojú. Ẹ wo ojú míta yín náà, ọ̀pọ̀ wọn kì í gbà ju 10 áńpù lọ.

Tèmi, inú àpótí dúdú tó wà lẹ́yìn páànẹ́lì ni wàhálà wà. Ibì kan tí wọ́n ti fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà pẹlẹbẹ mọ́ra ti di aláwọ̀ ewé, ó kàn ń fara kan ara rẹ̀ lásán ni. Mo fi sáńpépà họ ọ́, mo tún un jó, ó tán. Ẹ wo ibẹ̀ yẹn, ẹ wo ẹnu MC4 náà, ìyẹn ibi tí wáyà páànẹ́lì ti ń so mọ́ra, pàápàá tí wọ́n bá ti fi pílíásì lásán tẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ inú gíláàsì níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti so mọ́ sẹ́ẹ̀lì ló ti já, ìyẹn ò ṣeé tú, ẹ fi páànẹ́lì náà tan iná ilé adìyẹ.

ÌBÉÈRÈ
Ẹ̀gbọ́n, másítàsì ni mò ń ṣe. Mo kọ kóòdù PSO (algorithm, ìyẹn ọ̀nà ìwákiri tí kọ̀ǹpútà ń lò) láti fi wá páràmítà sẹ́ẹ̀lì Faransé RTC tí gbogbo ayé ń lò yẹn. Gbogbo ìgbà tí mo bá rọ́ọ̀nù ẹ̀ ni I0 àti n ń yí padà, ìgbà mìíràn Rs á jáde ní òdì. Súpáfáísọ̀ mi ní àfi kí error mi, ìyẹn ìyàtọ̀ láàárín ohun tí mo ṣírò àti ohun tí wọ́n wọ̀n, kéré sí ti àwọn tó ti ṣe é ṣáájú. Ṣé kí n pààrọ̀ algorithm ni?
Ajìyà-Error, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN
Pẹ̀lẹ́ o. Algorithm ò wọ́n lọ́jà. PSO tí o ń lò, Kennedy àti Eberhart ló gbé e jáde ní 1995, wọ́n wo bí ẹyẹ ṣe ń fò lọ́wọ̀ọ́wọ́. Ní 1997 Storn àti Price mú differential evolution dé. Láti ìgbà náà wọ́n ti ń fi ẹranko sọ algorithm lórúkọ títí ẹranko fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbó: ìkookò ní 2014, àbùùbùtán ní 2016, adìyẹ pàápàá ti ní tiẹ̀. Tí o bá pààrọ̀ ẹranko, ìṣòro rẹ á ṣì dúró síbẹ̀, torí kì í ṣe inú ẹranko ló wà.

I0 àti n ti mọwọ́ ara wọn. Rántí pé mo fi ojú bu n sí 1.5 lókè, I0 sì jáde ní 0.39. Kọ̀ǹpútà ní n jẹ́ 1.481, I0 tirẹ̀ wá jẹ́ 0.323. n yí padà ní bíi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, I0 yí padà ní bíi ogún nínú ọgọ́rùn-ún, síbẹ̀ ìlà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ gun orí ara wọn, ojú lásán ò lè mọ ìyàtọ̀. Ọ̀kan ń fà síbí, èkejì ń fà sọ́hùn-ún, òun lo rí tí nọ́ńbà rẹ fi ń rìn káàkiri bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ lọ ọjà. Nítorí náà má wá I0 fúnra rẹ̀, logarithm rẹ̀ ni kí o wá. Fi ààlà sí gbogbo rẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n sábà ń lò fún sẹ́ẹ̀lì yìí ni Iph 0 sí 1, I0 0 sí 1 máíkírò-áńpù, n 1 sí 2, Rs 0 sí 0.5, Rsh 0 sí 100. Rs tó wà ní òdì túmọ̀ sí pé wáyà ń pèsè iná fúnra rẹ̀, tó bá rí bẹ́ẹ̀ wá sọ fún mi ká jọ dolówó.

Àṣírí kan tún rèé tí àwọn tó ń sáré lórí ẹranko kì í fẹ́ gbọ́. Tí o bá di n àti Rs mú, tí o fi kọ́rẹ́ǹtì tí wọ́n wọ̀n sínú exp, ohun mẹ́ta tó kù, Iph, I0 àti ìdá kan lórí Rsh, gbogbo wọn wà lórí ìlà tààrà, least squares lásán tó máa ń wà nínú Excel á fún ẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. O ò nílò láti wá nǹkan márùn-ún mọ́, méjì péré ni. Nǹkan méjì, o lè to n láti 1 dé 2 lókè, kí o to Rs sí ẹ̀gbẹ́, kí o ṣírò gbogbo àpótí tó wà láàárín bí ẹni ń ta ayò, kí o mú èyí tó kéré jù. Ìdáhùn kan náà ló máa jáde lárọ̀ọ́ àti lálẹ́.

Ti error wàyí. Fún nọ́ńbà márùn-ún yìí, ibi tó kéré jù tí gbogbo àwọn tó mọṣẹ́ ń dé ni 0.00098602 áńpù. Ìsàlẹ̀ kànga nìyẹn tí o bá ń ṣírò error bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kò sí omi mọ́ nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó fi dáyóòdù kejì kún un, tó fi di nọ́ńbà méje, dé 0.00098248. Ìyàtọ̀ méjèèjì jẹ́ máíkírò-áńpù mẹ́ta àti ààbọ̀. Wàyí o, ṣí dátà náà fúnra rẹ, kí o wo òpin gbogbo kọ́rẹ́ǹtì tó wà níbẹ̀: 0.7605, 0.7590, 0.7555, 0.6755. Wọ́n parí sí òdo tàbí márùn-ún ni gbogbo wọn. Ìyẹn ni pé ẹni tó wọ̀n ọ́n, máíkírò-áńpù 500, 500 ló ń kà lójú míta rẹ̀. Ẹ wá ń jà lórí mẹ́ta àti ààbọ̀! Bíi kí èèyàn fi kóńgò wọn ìrẹsì lọ́jà kó wá máa ka ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó bọ́ sílẹ̀.

Mi ò sọ pé kí o bá súpáfáísọ̀ rẹ jà o, o ṣì fẹ́ gboyè. Ṣùgbọ́n fi kún iṣẹ́ rẹ: rọ́ọ̀nù ẹ̀ nígbà ọgbọ̀n, ya àwòrán n lórí I0, jẹ́ kí wọ́n rí bí àwọn àmì ṣe tò sórí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí èèrà. Lẹ́yìn náà lọ wọn páànẹ́lì kan fúnra rẹ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, kí o wò ó bóyá páràmítà tí o rí láàárọ̀ lè sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án. Ibẹ̀ ni mo ti máa mọ̀ pé o rí nǹkan.

ÌBÉÈRÈ
Ẹ kú iṣẹ́ sà. Peckham ni mò ń gbé, ní London. Mo fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe àpẹẹrẹ páànẹ́lì kí n tó rà á fún ilé bàbá mi ní Ìjẹ̀bú. Mi ò ní páànẹ́lì lọ́wọ́ láti wọ̀n, ìwé dátàṣíìtì nìkan ni mo ní. Ṣé ó ṣeé ṣe? Oòrùn ibí sì tún rí bákan, ṣé ó kàn án?
Ọmọ Bàbá Ìjẹ̀bú

ÌDÁHÙN
Ó ṣeé ṣe. Ibi mẹ́ta ni dátàṣíìtì máa fún ẹ lórí ìlà náà, Isc, Voc, àti ibi wáàtì tó pọ̀ jù, àti bí ooru ṣe ń yí wọn padà. Nǹkan márùn-ún lo sì ń wá. Villalva àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Brazil gbé ọ̀nà kan jáde ní 2009 tí mo fẹ́ràn torí kò le: o kàn mú n fúnra rẹ, wọ́n mú 1.3 fún KC200GT, o bẹ̀rẹ̀ Rs láti òdo, ò ń fi kún un díẹ̀díẹ̀, gbogbo ìgbà tí o bá fi kún un o máa ṣírò Rsh tó bá a mu, o máa yẹ ibi tó ga jù lórí ìlà wáàtì rẹ wò, ìgbà tó bá bá ti dátàṣíìtì dọ́gba lo dúró. Wọ́n rí Rs 0.221 óòmù àti Rsh 415 óòmù. Kò ju ojú ewé Excel kan lọ. Àmọ́ má gbàgbé pé ojú ni o fi bu n o, tí o bá mú 1.2, Rs àti Rsh rẹ á yàtọ̀, gbogbo rẹ̀ á sì tún bá ibi mẹ́ta yẹn mu.

Oòrùn London kàn án, ó sì kàn án gan-an. 26.3 fóòtì tí a pín sí 415 óòmù, ohun tó ń jò jẹ́ 0.063 áńpù. Nínú oòrùn Ìjẹ̀bú tó kún, kọ́rẹ́ǹtì jẹ́ 7.61, jíjò ò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, kò séni tó máa mọ̀. Lọ́jọ́ tí kùrukùru bo Peckham tí oòrùn ku ìdá kan nínú mẹ́wàá, kọ́rẹ́ǹtì ti di 0.76, tí jíjò bá dúró síbi tó wà, ó ti di ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Mo ní "tí ó bá dúró" torí De Soto, Klein àti Beckman ní Wisconsin kọ ọ́ ní 2006 pé Rsh máa ń pọ̀ sí i bí oòrùn bá ṣe ń dín, nínú ìṣirò tiwọn ìpín tó ń jò ò ní pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Fún ilé Bàbá ní Ìjẹ̀bú, Rs àti ooru ni kí o máa ṣọ́. Gbé páànẹ́lì náà kúrò lára páànù òrùlé díẹ̀ kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ
Ọyẹ́ ti dé, eruku ti bo páànẹ́lì wa, iná ti dín. Ṣé ó ti bà á jẹ́ nínú ni?
Alhaja, Ìlọrin

ÌDÁHÙN
Rárá, Alhaja. Tí eruku bá tẹ́ lórí rẹ̀ dọ́gba, èrò tí oòrùn ń kó wọ ọkọ̀ ló dín, ìyẹn Iph, àwọn mẹ́rin yòókù wà ní àlàáfíà. Ìgbẹ́ ẹyẹ tó dì sójú kan ṣoṣo ló burú ju eruku lọ, torí sẹ́ẹ̀lì kan tó bá ṣókùnkùn máa ń dí ọ̀nà mọ́ gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà rẹ̀, á sì máa gbóná. Ẹ ní kí àwọn ọmọ fi omi àti kànrìnkàn rírọ̀ nù ún láàárọ̀ kùtù kí gíláàsì tó gbóná, kí wọ́n má fi ìyànrìn tàbí kànrìnkàn onírin họ ọ́ o.